Ẹni Tí Wọn Kì í Lu Òǹtẹ̀ Fún

Ìlà méjì ló máa ń wà ní ẹnubodè yẹn láràárọ̀. Ìlà kìíní gùn ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ. Àwọn tó wà lórí rẹ̀ a máa di ìwé ìkọjá wọn mú bí ẹni di ẹyin mú, wọn a máa retí kí oníbodè lu òǹtẹ̀ sí i. Ìlà kejì kò gùn rárá, nítorí ẹnì kan péré ló wà lórí rẹ̀. Bàbá Kọjá ni.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jórinjórin ni ọkùnrin náà, táǹkì irin ló ń jó pọ̀, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń sùn ní ìhà kan ẹnubodè tó ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àlọ àti àbọ̀ yìí kì í fi orúkọ ìlú da ara wọn láàmú: ibi tí wọ́n ń sùn ni Ilé, ibi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni Ibiṣẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọdún kẹta ni oníbodè àárọ̀, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì, ti mọ̀ ọ́n dunjú. Bó bá ti rí i lókèèrè báyìí, kò ní í wo ìwé, kò ní í wá òǹtẹ̀, ọwọ́ lásán ni yóò jù: "Bàbá, ẹ kọjá." Oníbodè ìrọ̀lẹ́ náà kọ́ ọ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Ó yẹ kí ẹ rí bó ṣe máa ń kọjá. Láti ilé títí dé ìdí òpó iná tó wà níwájú ẹnubodè, ìrìn ẹni tí iṣẹ́ ń pè ló máa ń rìn, wárawàra, àpò irinṣẹ́ léjìká, ìbòjú tó fi ń jórin lábíyá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìdí ìlà, ẹsẹ̀ yẹn á yí padà, á di ẹsẹ̀ ọba tó jáde wá wo ìlú. Á gbé ọ̀kan, á rọra sọ ọ̀kan kalẹ̀, á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú ìdúró o," ni yóò wí. "Ẹsẹ̀ ò ní í dùn wá o."

Àwọn ará ìlà á fi ètè dáhùn, wọn á fi inú bú u.

Ẹnì kan wà lórí ìlà tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń fi ṣeré jù. Obìnrin opó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé táǹkì kan náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ha ojú irin kó mọ́ kí àwọn jórinjórin tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Bàbá Kọjá fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó àwọn orígun kéékèèké. Obìnrin yìí kì í kọjá láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Bí òjò ń rọ̀ tí oníbodè ní, "Màdáàmù, ẹ ṣáà máa lọ," á dúró sójú kan bí òpó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lù ú." Bó bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, á tún dúró. Ìwé kan ti kún, èkejì ti kún, ó ti dé àárín ẹ̀kẹta. Ìyá Òǹtẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é.

"Ìyá Òǹtẹ̀," ni Bàbá Kọjá máa ń wí bó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, "ṣé ẹ fẹ́ fi ìwé wọ̀nyẹn bo orí ilé ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba tèmi," ni òun náà á dáhùn. "Èmi ò ní irú ojú tí ẹ ní. Ojú tèmi, bí wọ́n bá rí i lónìí, wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Bàbá Kọjá á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn: nínú gbogbo ohun tí ọdún mọ́kànlá fún ọkùnrin yìí, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò ní ni ọwọ́ tí oníbodè ń jù sókè fún un yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá ilé táǹkì pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú ẹ̀rọ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Gáàsì ni ẹ̀rọ náà fi ń jó irin, ara rẹ̀ ń dán bí bàtà ọlọ́pàá tuntun.

"Àwọn oníbàárà wa ní àwọn ò gba táǹkì mọ́," ọ̀gá wí, "àfi èyí tó bá jẹ́ pé ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ló jó o láti òkè délẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń kọ́ ọ, oṣù mẹ́ta ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mi ò lè sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Mo láàánú yín, ṣùgbọ́n àánú mi ò ní àpò."

"Bí èèyàn ò bá wá ní ìwé náà ńkọ́, sà?" ni Bàbá Kọjá béèrè.

"Bí oṣù mẹ́ta yẹn bá ti pé, ẹni tí kò níwèé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná mọ́ níbí. Mi ò ní í lé e lọ. Á máa gbálẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn. Bàbá Kọjá kò wẹ̀yìn. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà, bó bá ta irinṣẹ́, tó ta bẹ́ẹ̀dì, tó fi ara rẹ̀ ṣe ènì, kò lè ká a. Àfi kó rí ẹni tó máa bá a san án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ tó ti ń jórin láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àgbọ̀n rẹ̀ ti di ọwọ́ agbálẹ̀.

"Ìjọba máa ń sanwó fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun," ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún un nígbà tó délé. Ó ń rán aṣọ oníbàárà lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. "Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ lọ béèrè. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Bàbá Kọjá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó wà ní Ilé. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ ń bó ọsàn sórí fáìlì.

"Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ní òdìkejì."

"Ta lẹ ń san owó orí fún?"

"Àwọn ti òdìkejì."

Ọkùnrin náà ju ẹ̀là ọsàn kan sẹ́nu. "Ẹ wá fẹ́ kí àwa kọ́ yín, kí ẹ lọ fi sin ẹlòmíì. Bàbá, ẹ lọ bá àwọn tó ń jẹ owó orí yín."

Lọ́jọ́ kejì ó dé ọ́fíìsì ti Ibiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Níbo lẹ ń gbé, Bàbá?"

"Ní òdìkejì."

"Owó yìí, àwọn tó ń gbé níhìn-ín ló wà fún. Ẹ lọ bá àwọn tí ẹ ń sùn sọ́dọ̀ wọn."

"Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tí mo ń ṣiṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn." Bàbá Kọjá bọ́ fìlà, ó fi í fẹ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi, ìyàwó mi ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lóòótọ́ ni, mi ò ṣìnà, wọ́n kàn ń rán mi yípo ni. Àbí kí n lọ dúró sórí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi pààlà sí ẹnubodè, kí olùkọ́ wá máa kọ́ mi níbẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó wá ṣí àpótí tábìlì, ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Irú yín gan-an la ń wá. Ìjọba méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ pawọ́ pọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń sùn ní ìhà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì. Wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́ láìku kọ́bọ̀, wọ́n á fún yín lówó ọkọ̀ lé e. Láti oṣù tó kọjá tí a ti ṣí i, ẹyọ ẹnì kan ò tíì wá."

Bàbá Kọjá fa àga súnmọ́ tábìlì, ó jókòó. "Kí lẹ fẹ́ kí n mú wá?"

"Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín, àti ìwé ìkọjá yín, kí a lè rí i pé ó ti tó ọdún méjì tí ẹ ti ń lọ tí ẹ ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì yìí ló kẹ́yìn."

"Ọdún méjì." Bàbá Kọjá tún fìlà dé, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, mọ́kànlá ni tèmi. Ẹ lè yọ èèyàn mẹ́rin mìíì nínú rẹ̀, tèmi á ṣì ṣẹ́ kù."

Ìwé ìkọjá kì í sì í ṣe ohun tó máa wá kiri. Àpò àyà rẹ̀ ló wà, kì í kúrò níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án bó ṣe ń jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kò ó.

Nínú gbogbo ilé táǹkì, àwọn méjì péré ló ń ti òdìkejì wá, òun àti Ìyá Òǹtẹ̀. Ọkùnrin náà kò sì ní inú burúkú. Ó lọ bá obìnrin náà níbi tó ti ń ha irin.

"Ẹ kó ìwé yín lọ́la, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Bàbá, èmi tí mò ń ha irin? Ṣé wọ́n máa gba irú mi?"

"Ta ló kọ́ yín ní orígun? Ẹ ṣáà tẹ̀lé mi. Èmi ni màá bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí tèmi, wọ́n á fi tiyín ṣe ènì."

Bó ṣe mú un débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn, tó fà á jókòó síwájú ọmọbìnrin aláwò, tó sì fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga bí bàbá ìyàwó. "Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiwọn," ó wí. "Tèmi ò le."

Ìyá Òǹtẹ̀ gbé lẹ́tà ọ̀gá àti ìwé ìkọjá mẹ́ta kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń ṣí i, ó ń ṣí i. Kò sí ibi tí ìka lè kàn tí kò bá òǹtẹ̀. Òmíràn gun òmíràn léjìká bí èrò inú ọkọ̀. Kò tiẹ̀ parí ìwé kejì tó fi pa á dé.

"Màdáàmù, ó ti tó. Ẹ fọwọ́ sí ibí yìí. Ẹ ti wọlé."

"Ṣé ẹ ti rí i?" ni Bàbá Kọjá wí. Ó yọ ìwé tirẹ̀ lápò àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ṣí ojú ewé kìíní, ó rí fọ́tò. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí ìkẹta. Ó ṣí i dé ẹ̀yìn, ó yí i padà, ó gbọ̀n ọ́n bóyá nǹkan máa jábọ́ níbẹ̀.

"Bàbá, tuntun lẹ mú wá. Ti àtijọ́ la fẹ́."

"Òun náà nìyẹn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti gbó, mo ti sọ ọ́ nù láti ọdún kẹta."

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé yìí ṣe wí, ẹ ò tíì kọjá rí."

Bàbá Kọjá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àlejò, pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ ni, ọmọ mi. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀. Bí mo bá ti yọ lókèèrè báyìí, 'Bàbá, ẹ kọjá.' Èmi kì í tò. Àwọn tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ fún, èmi, wọn kì í..." Ó sọ ọ́ dé àárín ni etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Ọwọ́ tó jù sókè wà lókè níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò rí ẹni sọ ọ́ kalẹ̀ fún.

"Lẹ́tà ọ̀gá mi ńkọ́?" ó wí nígbẹ̀yìn.

"Lẹ́tà ọ̀gá yín ní ẹ ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Kò mọ ibi tí ẹ ń sùn. Wọ́n lè ní níhìn-ín náà lẹ ń gbé." Ọmọbìnrin náà kì í ṣe ìkà, ó wo Bàbá, ó ronú. "Ẹ gbọ́. Bí oníbodè bá kọ ìwé, tó fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ lẹ ń kọjá lójoojúmọ́, màá gbà á wọlé. Aago mẹ́rin ọ̀la ni mò ń ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n jáde. Ìyá Òǹtẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń rìn bí ẹni tó jalè.

"Á kọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀yin àti oníbodè?"

"Kí ló máa dá a dúró?" ni Bàbá Kọjá wí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, oníbodè rí i lókèèrè, ó sì ju ọwọ́. Bàbá Kọjá kò kọjá. Ó yà sí ojú fèrèsé, níwájú gbogbo ìlà, ó tẹrí ba, ó sì rọra ṣàlàyé. Oníbodè gbọ́ ọ tán. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, kí òun tó tẹ̀lé e.

"Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, ọ̀gá. Oore lẹ ṣe mí."

"Ẹ ṣe wá fẹ́ fi oore gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Ẹ fetí sí ohun tí ẹ ní kí n kọ. Pé èmi tí ìjọba gbé síbí kí n máa lu òǹtẹ̀, ọkùnrin kan ń kọjá níwájú mi fún ọdún mẹ́jọ, mi ò lu ẹyọ kan. Kí n wá buwọ́ lù ú. Kí n kọ ọjọ́ sí i."

"Ẹ lè kọ ọ́ lásán pé ẹ mọ̀ mí."

"Mọ ta ni?" Oníbodè tẹ ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bó bá dọ̀rọ̀ ìwé, Bàbá, mi ò rí yín rí. Lórí ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò mọ̀ yín."

Àánú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oníbodè, ó sì na ọwọ́. "Ẹ mú ìwé ọ̀hún wá. Láti òní lọ, màá máa lù ú fún yín. Ọdún méjì péré ṣebí? Ọdún méjì kì í ṣe ayérayé." Ó mí sí òǹtẹ̀ náà, ó sì là á mọ́ ojú ewé kejì débi pé ife tíì orí tábìlì fò. "Ó yá. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò bí i tàwọn yòókù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá."

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá," ni ohùn kan wí láti àárín ìlà.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó sì rìn dé ìdí òpó iná. Ìyá Òǹtẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Kọjá kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó padà sílé, ó jókòó ti máṣíìnì ìyàwó rẹ̀, ó rò fún un. Bó ṣe ń rò ó, ẹsẹ̀ obìnrin náà ń falẹ̀ lórí pẹ́dà, títí ó fi dúró.

"Mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé ọkọ mi kì í tò," ó wí. "Mo máa ń káàánú àwọn tó ń tò."

"Èmi náà."

"Ọ̀gá ńlá ni mo pè yín. Àṣé wọn ò tíì rí yín rí ni."

Bàbá Kọjá bọ́ fìlà. Aago ara ògiri ń lọ ní tirẹ̀.

"Ẹnì kan wà nídìí ibùdókọ̀," ìyàwó rẹ̀ tún wí, ohùn rẹ̀ ti di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ ayédèrú. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Kó tó di aago mẹ́rin, á ti fi òǹtẹ̀ kún ìwé yẹn fún yín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ dìde nígbà náà."

"Òun náà mọ̀ mí. Orí ìlà la ti mọ ara wa."

"Ẹ máa ń kí ara yín?"

"Mo máa ń sọ fún un pé, ẹ kú ìdúró."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀, ó fi aṣọ oníbàárà bo ẹnu, kò lè dá a dúró. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà kò tán. Bàbá Kọjá ti fẹ́ máa bá a rín in, ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí aago fi lu mẹ́rin.

Ìyá Òǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó lọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kọjá láàárín ilé táǹkì, lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú mi débẹ̀."

"Ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Oṣù mẹ́ta ń lọ. Bàbá Kọjá ń jó àwọn táǹkì tó kù tí oníbàárà wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan jáde, á ka èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tó ku méjì, ọ̀gá pè é.

"Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ń wá àgbà jórinjórin kan fún ọjọ́ ìdánwò wọn. Wọ́n fẹ́ kó jó irin lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo dárúkọ yín."

Ẹ wo ayé. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti tẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ na. Àwọn tó ń fúnni níwèé fúnra wọn ló ń pè é. Ta ló máa rí ọwọ́ òun, tí yóò tún béèrè ìwé? Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kí ẹ wá kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ wá kọ́ wa," wọ́n á sì kọ tirẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, kò rí ibi tó máa gbà yí dà.

Ìyàwó rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí irin sọ ọ́."

Yàrá ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ bí ilé ìwòsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá dúró yíká tábìlì irin kan, olúkúlùkù pẹ̀lú bíìrò àti fọ́ọ̀mù. Ìyá Òǹtẹ̀ wà láàárín wọn nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun. Bó ṣe rí Bàbá Kọjá, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ kúnlẹ̀, olùkọ́ sì fi ojú dá a dúró. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni olùkọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ iná rí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá." Ó yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ wò ó dáadáa. Irú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọn kò ní ìwé ẹ̀rí, ni ó ti ń ba àwọn táǹkì jẹ́ káàkiri. Bàbá máa jó irin méjì pọ̀ lójú yín. Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ gbogbo àṣìṣe tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ìdánwò yín nìyẹn."

Ìbòjú ti wà lójú Bàbá Kọjá nígbà tó gbọ́ ọ. Ìbòjú dára, kò sẹ́ni tó rí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó tan iná.

Ìyá Òǹtẹ̀ ti rí i tó jórin rí, ṣùgbọ́n bó ṣe jó o lọ́jọ́ yẹn yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò falẹ̀. Irin náà ń dún bí òróró tó gbóná dáadáa, kò tú, kò ta, ìlà tó ń fà lẹ́yìn iná ń tò lọ bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, dọ́gbadọ́gba. Nígbà tó parí, ó fi òòlù kékeré kan gbá èérí orí rẹ̀, ó ṣí kúrò ní ẹyọ kan gbọọrọ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Olùkọ́ tẹ̀ síwájú. Ó fi díngí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó da omi pupa kan sí i láti wá ibi tó là, kò rí. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ irin, ó tẹ̀ ẹ́ títí irin náà fi ká bí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀. Ojú ìjórin kò là. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ súnmọ́ ọn. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ sọ ọ́ jáde pé, "Ọwọ́ rèé."

Olùkọ́ nu díngí rẹ̀. Ó tún wo irin, ó wá wo fọ́ọ̀mù.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìwé," ó wí. "Àpótí kìíní: nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ẹni tó jó o. Bàbá, ẹ ní nọ́ńbà?"

"Mi ò ní."

"Bí àpótí kìíní bá ti ṣófo, a kì í wo èyí tó kù. Òfin nìyẹn, kì í ṣe èmi. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: kò yẹ."

Bíìrò mẹ́sàn-án tẹ̀ ba. Ìkẹwàá wà lókè.

"Màdáàmù," ni olùkọ́ wí, "ẹni tí kò bá kọ ìdáhùn kò ní í gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta."

"Irin yìí dáa, sà," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí. "Bàbá yìí ló kọ́ mi ní orígun."

"Mi ò béèrè ẹni tó kọ́ yín."

Obìnrin náà yíjú sí Bàbá Kọjá. Bàbá Kọjá gbé ìbòjú sókè. Òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ẹ kọ ọ́," ó wí.

"Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́, Ìyá Òǹtẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, àwa méjèèjì la máa jọ máa gbálẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá ní. Ṣé ẹ fẹ́ ká máa jà sí i ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Òǹtẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ba, ó sì kọ ọ́, ó rọra ń kọ ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ. Bó ṣe ń kọ ọ́, Bàbá Kọjá di irin náà mú síwájú rẹ̀, sínú ìmọ́lẹ̀, kó lè rí ohun tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba fọ́ọ̀mù tán, ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá òun lè mú irin náà lọ sílé fún ìyàwó òun.

"Rárá, Bàbá, ẹ má bínú," ni olùkọ́ wí, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Òun la máa fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."